Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta BCD tòkunbọ̀ lórí Facebook

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń mòòkùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó BCD, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tí òmòòkùn fi ń léfòó, fún ẹnikẹ́ni.

£120 ni ọkùnrin náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun wọ̀ ọ́ rí, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sáfíìsì rẹ̀ ni. Mo gbé e lọ sí Stoney Cove, ibi tí wọ́n ti ń mòòkùn. A ò tíì ju mítà 6 lọ nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbọ́wọ́ kúrò, bọ́tìnnì ò padà. Jákẹ́ẹ̀tì ń wú, ó sì ń gbé mi lọ sókè. Ọlọ́run ló ní kí ẹni tá a jọ wọ omi wà nítòsí: ó yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fa okùn tó ń tú afẹ́fẹ́ dànù. Afẹ́fẹ́ tó bá ti mítà 10 gòkè dé ojú omi á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá di èémí sínú lásìkò yẹn, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya.

Nígbà tí mo délé, mo da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì náà, mo mì í, mo dà á jáde. Omi pupa rúsúrúsú ló jáde, pẹ̀lú hóró iyọ̀ òkun. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ojú rírán tó ti ya nísàlẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n rán lébẹ́ẹ̀lì "L" bo "M" mọ́lẹ̀. Abájọ tó fi ń fún mi láyà! Mo pe òǹtajà náà, ó bú mi, ó sì dí nọ́ńbà mi pa.

Ó ti ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ má ṣe é láéláé: ẹni tó bá san án báyẹn, PayPal ò ní bá a gba kọ́bọ̀ padà.

Ẹ gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ àti rẹgulétọ̀ (ohun tí à ń fi mí lábẹ́ omi) tiyín lọ bá òǹtajà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fa gbogbo okùn fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ dànù. Aṣọ rọ́bà tí ẹ máa fi wọ omi gan-an ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, torí pé èyí tó ṣe rẹ́gí lórí ṣẹ́ẹ̀tì ò ní gba aṣọ mìlímítà 7. Ẹ fẹ́ ẹ kó kún lára yín, kí ẹ mí kanlẹ̀. Bí àyà bá há, ó kéré nìyẹn. Ẹ béèrè àpò méjèèjì tí wọ́n ń kó òjé tó ń múni rì sí. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fẹ́ ẹ títí á fi le, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Tó bá ti rọ̀, ó ń jò.

Ó tún ti gbé òmíràn síta láàárọ̀ yìí, dúdú, búlúù léjìká, "XL" ló pè é. Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ́kọ́ wo òwú tí wọ́n fi rán lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀.