Star, mesh tàbí bus: èwo ni kí ẹ rà fún ọ́fíìsì tàbí ilé ìwé yín?

Ká ní ẹ fẹ́ so kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti kámẹ́rà ààbò mẹ́rin pọ̀. Orúkọ ráútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè tí wọ́n bá dé ọjà. Ẹ pinnu bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe máa kan ara wọn ná: star, mesh, bus àti ring ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀nà náà. Òun ló máa sọ iye wáyà tẹ́ ẹ máa rà, òun náà ló sì máa sọ bóyá ẹnì kan ló máa káwọ́ gbera tàbí gbogbo ọ́fíìsì, lọ́jọ́ tí wáyà kan bá já.

Bus àti ring

Ọjọ́ ti lọ lórí àwọn méjèèjì. Bus ni wáyà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ rọ̀ mọ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 10BASE2 kì í kọjá mítà 185, ẹ̀rọ 30 ló ń gbà, ìyára rẹ̀ ò sì ju 10 Mbps lọ. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá tú báyìí, gbogbo wọn dákẹ́ nìyẹn. Ní ti ring, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti so pọ̀ yípo bí òrùka, IBM gbé Token Ring jáde ní 1985. 4 Mbps ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di 16. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ohun èlò wọn fún yín lọ́wọ́ pọ́ọ́kú, ẹ má dáhùn. (Àwọn tó ń ri okùn fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni, yí ìlú ká ṣì ń lo ring, torí bí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ bá gé okùn lápá kan, iṣẹ́ á gba apá kejì kọjá.)

Star

Èyí ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ yín. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà tirẹ̀ tó wọ inú switch, àpótí oníhò tó ń so gbogbo wọn pọ̀. Bí eku bá jẹ wáyà akọ̀wé, akọ̀wé nìkan ló máa dúró. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ wáyà, òótọ́ sì ni pé bí switch bá kú, gbogbo rẹ̀ kú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ní kékeré kan nípamọ́.

Ẹ ka ihò switch dáadáa. Ẹ̀rọ 15 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ráútà, di 16: switch oníhò 16 á kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oníhò 24 ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá ní PoE, wáyà kan náà ló máa gbé iná dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, àmọ́ ẹ béèrè iye wáàtì tó lè pín lápapọ̀.

Wáyà tí wọ́n ń pè ní Cat5e ń gbé 1 Gbps dé mítà 100, ó sì tó ọ́fíìsì lò. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ ni ara wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ fá irin tín-ín-rín inú rẹ̀. Bó bá pupa dénú, bàbà gidi ni. Bó bá funfun lábẹ́, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò ni, wọ́n sì lè kọ CCA sára páálí rẹ̀. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń gbóná tó bá gbé iná kámẹ́rà. Owó tó yẹ kẹ́ ẹ fi ra ráútà olówó ńlá, ẹ fi ra bàbà gidi.

Fún ilé ìwé, ẹ fi díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ ra switch tó ní STP, ọgbọ́n tó ń dí ọ̀nà tó bá yí po, tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Radia Perlman gbé kalẹ̀ ní 1985. Láìsí i, ọmọ kan lè ki orí wáyà kan náà méjèèjì bọ switch, kí gbogbo kọ̀ǹpútà sì dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Mesh

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mẹ́wàá mọ́ ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà 45 lẹ máa rà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Wi-Fi ni mesh tí wọ́n ń tà nínú páálí, ẹ̀rọ kéékèèké mélòó kan tó ń ta á látaré fún ara wọn, ó sì dára níbi tí onílé ò ti gbà kẹ́ ẹ lu ògiri.

Àmọ́ àwọn tí kò wọ́n máa ń fi ojú Wi-Fi kan náà bá ara wọn àti fóònù yín sọ̀rọ̀, nítorí náà ìyára máa ń já sí nǹkan bí ìdajì bó ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ògiri búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún ń dín in kù. Iná ló ká mi lára jù: star kò ju kẹ́ ẹ fi switch àti ráútà sórí inverter, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ mesh ń fẹ́ iná ní yàrá tó bá wà. Bẹ́ ẹ bá máa rà á náà, ẹ ra èyí tẹ́ ẹ lè fi wáyà so mọ́ switch.

Ilé méjì nínú ọgbà kan

Ẹ má na wáyà bàbà láti ilé kan sí èkejì níta. Bí ààrá bá sán nítòsí, iná rẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, kó sì ba switch méjèèjì jẹ́. Fáíbà ni kẹ́ ẹ lò, torí kì í gbé iná. Ẹ wọn ọ̀nà náà, ẹ fi mítà díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì ra èyí tí wọ́n ti fi orí sí ní ìpẹ̀kun méjèèjì, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó o pọ̀ wọ́n, ẹni tó ní in á sì gba owó iṣẹ́ lọ́tọ̀.