Áàpù tó ń bá kóòṣì ṣètò ìgbáradì bọ́ọ̀lù: ohun tí ojú mi rí

Inú ló bí mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù kò dọ́gba rárá. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá bọ́ọ̀lù dúró. Áàpù yìí ṣèlérí pé òun á máa mú eré le díẹ̀díẹ̀, bí agbára ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe mọ. Ìlérí yẹn ni mo sanwó fún.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, rondo ló yàn fún wa: ọmọ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí a sàmì sí ilẹ̀, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn, ẹnì kan láàárín tó ń lé bọ́ọ̀lù, mítà 10 ní òró àti ìbú. Ó dùn ún wò. Àfi bó ṣe kan ìpele kejì, tí áàpù ní kí n fi ẹnì kejì sí àárín, kí n dín àpótí kù sí mítà 8, kí olúkúlùkù máa kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn bọ́ sí àárín, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Bó bá ti sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ. Nígbà tó yá, ó rọra kúrò lórí pápá, ó lọ jókòó ti àpò rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n pa áàpù, kí n tún un ṣí. Mo ṣàlàyé títí, ló bá ní kí n yọ ọmọ náà sọ́tọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò wá máa gbá bọ́ọ̀lù gidi sí i níbẹ̀?

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é. FIFA 11+, ètò ìmúra-gbóná tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ṣe láti dín ìpalára kù, ni wọ́n fi ṣe ìmúra-gbóná inú áàpù náà: eré 15, bí ìṣẹ́jú 20, apá kejì rẹ̀ sì ní ìpele mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣe ìpele kìíní dáadáa ló ń bọ́ sí ìkejì, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n á dúró síbi tó wà, gbogbo wọn á sì jọ máa ṣe é pọ̀. Kí ló dé tí ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mi fún obìnrin kan tó ti ṣe kóòṣì rí. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. “Kóòṣì, tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ yẹn, ibo ló kọjú sí?” Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ wò ó: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí i nìkan ló ń wò, kò rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní kí n kọ́ ọ láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó ní kí n fẹ àpótí sí mítà 12, kí ọmọ náà máa kan bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú, kí àwọn ọ̀jáfáfá máa kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré, kí ẹni tó wà láàárín sì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, yálà ó gba bọ́ọ̀lù tàbí kò gbà á. Ó ní tí mo bá fẹ́ kó le sí i, kí n yí ẹyọ ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan.

Ọlọ́run, ó ṣiṣẹ́! Ọmọ náà gba bọ́ọ̀lù, ó yí i sí òdìkejì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo orúkọ rẹ̀.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ibi tí a ti lè yí òfin padà fún ọmọ kan ṣoṣo nínú áàpù náà. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, obìnrin yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀.