Níbo ló yẹ kí owó sikáòtù lọ? Àyẹ̀wò eré Out of the Park Baseball

Out of the Park Baseball, eré orí kọ̀ǹpútà lórí bésíbọ́ọ̀lù, eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá, kì í ṣe eré tí èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù tàbí gbá a. Iṣẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ ni ó gbé lé wa lọ́wọ́: ká ra eléré, ká tà á, ká san owó iṣẹ́, ká sì pín owó tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bá gbé kalẹ̀ fún sáà kan. Ọdún 1999 ni ó kọ́kọ́ jáde, Markus Heinsohn tó jẹ́ ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ sì ń jáde lọ́dọọdún. Àwa mélòó kan tí a ń gbé ní agbègbè Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe é, a sì jọ wà nínú líìgì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Apá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ìyẹn owó àwọn sikáòtù, àwọn tí ẹgbẹ́ ń rán káàkiri láti wo eléré kí wọ́n sì wá jábọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé eré yìí ti ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í yà síbẹ̀ rárá.

Ìdí tí owó yìí fi ṣe pàtàkì ni pé eré náà kì í fi bí eléré ṣe rí gan-an hàn wá. Nọ́ńbà tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà, láti 20 títí dé 80 gẹ́gẹ́ bí àwọn sikáòtù Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, jẹ́ èrò sikáòtù wa nìkan. Nọ́ńbà kan wà fún bí eléré ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lónìí, òmíràn sì wà fún ibi tí ó lè dé lọ́jọ́ iwájú. Èyí kejì yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Tí owó bá kéré tàbí tí olórí sikáòtù kò bá já fáfá, ọmọ tí wọ́n kọ 70 sí lórúkọ lè má ju 45 lọ. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní OSA wà nínú eré náà, ìròyìn kan náà ni ó sì ń fún gbogbo ẹgbẹ́. Mo máa ń fi í wé ti sikáòtù tèmi, níbi tí àwọn méjèèjì bá sì ti ta kora, mo máa ń dúró yẹ eléré náà wò dáadáa kí n tó náwó.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a ń pín owó náà sí: líìgì ńlá, àwọn líìgì kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì tí wọn kò tíì di eléré tí ń gbowó iṣẹ́, àti àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Àbúrò kan tí a jọ wà nínú líìgì náà sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, líìgì ńlá ni mo kó èyí tó pọ̀ jù sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn gbajúmọ̀ wà.” Mo dá a lóhùn pé, “Àwọn tí gbogbo wa jọ ń rí lò ń náwó lé lórí. Àwọn tí ojú kò tíì tó ni kó o wá lọ.”

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti dúró gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 600 láàárín sáà kan nínú líìgì ńlá ti fi ara rẹ̀ hàn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níta fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọmọ tuntun fún ẹgbẹ́, èyí tí MLB, líìgì ńlá gidi ti bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ń ṣe ní oṣù Keje, tí ó sì jẹ́ ìpele 20 láti 2021, ìròyìn sikáòtù ni ohun tó pọ̀ jù tí a ní lọ́wọ́. Ti àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tún wá le ju èyí lọ: ọmọ ọdún 16 láti Dominican Republic tàbí Venezuela kò ní àkọsílẹ̀ kankan tí a lè gbé ara lé, àfi bí àwọn tí ń ra kajú lágbègbè wa ṣe ń dá owó lé igi nígbà tó ṣì wà ní òdòdó. Láti 2017 ni MLB sì ti pààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná láti gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin tó jọ ọ́ sì wà nínú eré yìí. Tí owó tí a lè fi gba ọmọ kò bá jìnnà síra, ẹni tó mọ ọmọ tó dára ni yóò borí.

Sùúrù ni ó gbà ṣá o. Ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates tó wà nínú MLB gba Gift Ngoepe, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ní 2008, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni ó tó wọ líìgì ńlá, tí ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí a bí nílẹ̀ Áfíríkà tó ṣeré níbẹ̀. Eré náà kò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹgbẹ́ tí kò lówó, ìdá 40 nínú 100 ni mo máa ń fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, 30 fún ilẹ̀ òkèèrè, 20 fún àwọn líìgì kéékèèké, nítorí pé ibẹ̀ ni à ń wò nígbà tí a bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ eléré, àti 10 péré fún líìgì ńlá. Ẹgbẹ́ olówó tó fẹ́ràn láti máa ra eléré tó ti gbó lè yí i padà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìpín yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo olórí sikáòtù rẹ̀, nítorí pé òun náà ní ìwọ̀n ìmọ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn kan nínú wọn a sì máa fẹ́ràn ọmọ tó lágbára nínú ara ju ẹni tó ti mọ eré ṣe lọ. Owó ńlá lábẹ́ ẹni tí kò mọ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wò kò lè ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

Àléébù tó dùn mí jù ni pé eré náà kò sọ ohun tí àfikún owó kọ̀ọ̀kan ń rà. A mọ̀ pé owó tó pọ̀ ń mú kí ìròyìn péye sí i, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti fi hàn wá bí àṣìṣe ṣe dín kù tó, fún ètò tí wọ́n sì ṣe dáadáa tó báyìí, àlàfo ńlá ni. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta á, ẹ̀dà ọdún tó kọjá sì tó fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Ní ti dátà, fáìlì líìgì wúwo, àmọ́ ìgbà tí a bá ń gbà á sílẹ̀ àti ìgbà tí a bá ń fi ìpinnu wa ránṣẹ́ nìkan ni a nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìrònú àárín méjèèjì, orí kọ̀ǹpútà tiwa ni a ti ń ṣe é, èyí sì bá wa lára mu níbi tí iná kì í dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ líìgì kan, kí ó kọ́kọ́ bi alábòójútó rẹ̀ bóyá wọ́n ti pa ètò sikáòtù níbẹ̀, nítorí pé eré náà fàyè gba èyí. Níbi tí wọ́n bá ti pa á, bí eléré ṣe rí gan-an ni gbogbo ẹgbẹ́ ń rí, kò sì sí ìdí láti náwó lórí sikáòtù kankan.