TP-Link EAP225 nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Abẹ́òkúta: ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó bú u

Ní ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ọbáńtókò, Àsẹ̀rò àti Adígbẹ, pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni rọ́tà máa ń wà. Ẹni tó jókòó tì í ń gbádùn. Ẹni tó wà ní yàrá òkè ń gbé fóònù kiri ojú fèrèsé. Ẹ̀bi rọ́tà kọ́. Dẹ́kìn oníkọnkéré tí wọ́n to irin sí nínú kì í jẹ́ kí Wi-Fi kọjá dáadáa, pàápàá 5 GHz, bulọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 sì tún ń gba tirẹ̀ lára rẹ̀. Wáyà kan tó gòkè lọ bá access point (ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà, tó sì ń tan án bíi Wi-Fi) lórí síìlì ló ń yanjú ẹ̀. EAP225, access point kan láti ilé iṣẹ́ TP-Link, la máa kọ́kọ́ dárúkọ fún irú ilé báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó níbi tó kù sí.

Wi-Fi 5 ni, kì í ṣe Wi-Fi 6. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni 450 Mbps lórí 2.4 GHz àti 867 Mbps lórí 5 GHz. Kí iye yẹn má kó sí yín lórí: bí rọ́tà 4G yín bá ń mú 20 Mbps wọlé, 20 yẹn náà lẹ máa rí lókè. EAP610 tó jẹ́ Wi-Fi 6 wà o, ṣùgbọ́n ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó 100 Mbps ò nídìí láti fowó kún un.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ohun tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. MiFi oníbátìrì tí kò ní ihò wáyà kankan ò lè bá a ṣiṣẹ́. Rọ́tà tó ní ihò LAN (ihò tí wọ́n ń ki wáyà dátà bọ̀) lẹ nílò. Rọ́tà Starlink Gen 2 náà ò ní ihò yìí. Ẹ máa ra adapter Ethernet tiwọn sí i. Gen 3 ní méjì.

Inú wáyà dátà náà ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PoE. Injector (àpótí kékeré tó ń ti iná sínú wáyà) wà nínú páálí, ó ní ihò méjì: LAN lọ sí rọ́tà, PoE lọ sí síìlì. Bí ẹ bá gbé e yí, iná kankan ò ní tàn lára access point, ẹlẹ́tíríṣàn á sì ní ó ti jó. Injector tó bá a wá ni kí ẹ lò. Ẹ má yá ti kámẹ́rà CCTV tàbí ti ẹ̀rọ mìíràn lò, nítorí àwọn kan ń gbé 24V, àwọn kan 48V, tí wọn ò sì kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó ti iná jáde. Nítorí èyí kan náà, ẹ má ki wáyà tó ti ihò PoE jáde bọ laptop láé. Injector àti rọ́tà ni kí ẹ jọ fi sórí ínfátà. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀, Wi-Fi òkè á kú nígbàkígbà tí NEPA bá múná lọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni wáyà. Ẹni tó bá lọ ra wáyà dátà Cat6 ní Panṣẹ́kẹ́ lè rí páálí méjì tó jọra, kí ọ̀kan jẹ́ bàbà gidi, kí èkejì jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ bó ìdí rẹ̀, ẹ mú okùn tín-ín-rín kan nínú mẹ́jọ, ẹ fi abẹ ha á. Bó bá pupa wọnú, bàbà ni. Bó bá funfun lábẹ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Alumíníọ́mù ń mú kí iná rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ju bàbà lọ: access point á máa kú, á máa jí, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀, orí wáyà náà á sì tètè kán. Láti rọ́tà dé síìlì, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ, injector tó wà láàárín ò sì ní kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀ rẹ̀ sórí nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráwùn, búráwùn. Bí ọ̀kan bá yọ nínú mẹ́jọ, ó lè máa ṣiṣẹ́ kó wá di 100 Mbps dípò 1000. Ojú ìwé Status access point náà á sọ ọ́ fún yín.

Ẹ gbé e sí síìlì kọ́ridọ̀ òkè, kí ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. POP àti PVC ò ní í dí i. Ẹ má gbé e sínú òrùlé láàárín síìlì àti páànù: ooru ọ̀sán ibẹ̀ kọjá agbára ẹ̀rọ, páànù náà á sì máa ta Wi-Fi padà.

Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi rẹ̀, ẹ ṣí tplinkeap.net, ẹ kọ admin síbi orúkọ àti síbi páásìwọ́ọ̀dù. Ó máa ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti rọ́tà ìsàlẹ̀. Lórí 2.4 GHz, ẹ lo 20 MHz, kí rọ́tà wà lórí channel (ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) 1, kí tòkè wà lórí 6 tàbí 11. Lórí 5 GHz, ẹ dúró sí 36 sí 48. Láti 52 lọ sí 144, ó ní láti fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, bóyá ẹ̀rọ radar wà nítòsí, kó tó tan Wi-Fi, tẹlifíṣàn mìíràn ò sì ní í rí i rárá. Bí fóònù bá ń rọ̀ mọ́ Wi-Fi ìsàlẹ̀ títí dé yàrá òkè, ẹ dín Tx Power (agbára tí Wi-Fi fi ń jáde) 2.4 GHz rọ́tà kù, bó bá fàyè gbà á.

Bí ó bá so mọ́ Wi-Fi tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo IP laptop (nọ́ńbà tí rọ́tà máa ń fún un). 169.254 ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí pé rọ́tà ò fún un ní nọ́ńbà: wáyà ti já, tàbí DHCP (ohun tó ń pín nọ́ńbà nínú rọ́tà) ti kú. Bí nọ́ńbà bá tọ́, ẹ tẹ ping 192.168.0.1 -t nínú Command Prompt laptop Windows, tàbí nọ́ńbà rọ́tà tiyín. Bí ìdáhùn bá ń wá déédéé tí ojúlé wẹ́ẹ̀bù kankan ò sì ṣí, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín. Bó bá ń sọ "Request timed out", inú ilé yín ni wàhálà wà.

Ohun tó dùn wá nípa rẹ̀ ni pé mesh rẹ̀ (kí ó gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara access point mìíràn láìsí wáyà) ò ṣiṣẹ́ láìsí Omada controller, ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà TP-Link tó ń darí àwọn access point. Ilé tí kò sí bí wáyà ṣe lè gòkè, ẹ kúkú wá nǹkan mìíràn rà.