Ẹ ṣọ́ra fún káàdì ayédèrú nínú kọ̀ǹpútà géèmù tí wọ́n ń tà ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń gbèrò àtira kọ̀ǹpútà géèmù ní Computer Village, Ìkẹjà, kó fara balẹ̀ ka èyí kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Àjọ oṣù mẹ́wàá ni mo kó lọ síbẹ̀, ₦310,000. Orúkọ káàdì tí mo fẹ́, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, wà lójú kọ̀ǹpútà náà lóòótọ́, ohun mìíràn ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ló pàdé mi ní òpópónà Otigba níbẹ̀. "Ọ̀gá mi, kí lẹ ń wá? Ẹ máa bọ̀, ó wà." Ó mú mi gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ tan tòkunbọ̀ kan fún mi: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i7-4790, RAM 16GB, káàdì GTX 1050 Ti 4GB. Ó ṣí Device Manager, ibi tí Windows ń to orúkọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, orúkọ káàdì wà níbẹ̀ gbangba. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú ara yín wò ó." Mo wò ó, mo sanwó. Bí mo ṣe ń gbé e jáde ló wá sọ pé, "Ẹ má ṣe update dráífà ẹ̀ o, èyí tó wà níbẹ̀ ló dáa jù." Dráífà ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Mo rò pé inú rere ló fi sọ ọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há ọ̀rọ̀ yẹn sórí. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín nípa káàdì, ẹ gbé owó yín kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ní Ṣómólú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi tan géèmù bọ́ọ̀lù. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí skríìnì fi ṣú, ó padà wá, ó tún ṣú. Ohun tí Windows kọ sílẹ̀ ni pé dráífà káàdì dákẹ́, ó sì tún jí. Ní gbogbo àkókò yẹn, eré prósẹ́sọ̀ tó yẹ kó wà ní 3.6GHz ó kéré tán ń já wálẹ̀ sí 0.8, àwọn agbábọ́ọ̀lù wá ń rìn bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀. Iná NEPA la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. A gbé e sórí jẹnẹrétọ̀, a ra stabilizer, ibi kan náà ló ń já sí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń wá ìdí ẹ̀ kiri, kó tó yé wa pé àrùn méjì ló wà lára ẹyọ kọ̀ǹpútà kan.

Ti prósẹ́sọ̀ la kọ́kọ́ rí. Kí n yáa sọ ọ́ kẹ́nì kan má bàa bá ọlọ́jà jà láìnídìí: bí eré prósẹ́sọ̀ bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ ò fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan, kò sí aburú níbẹ̀, iná ló ń ṣọ́ lò. Àmọ́ kó máa wálẹ̀ láàárín géèmù, ooru ni. A fi HWMonitor, ètò tó ń wọn ooru, wò ó, ó ti kan 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibẹ̀ sì ni irú prósẹ́sọ̀ yìí ti máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. A tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Fáànù Intel ní ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin tó ń há sínú bọ́ọ̀dù. Mẹ́ta há, ìkẹrin ń mì dìrọ̀dìrọ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Páàsì, ìpara tó ń gbé ooru prósẹ́sọ̀ lọ sára fáànù, tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún bí ẹfun. A fi spirit nù ún, a fi tuntun sí i, a tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi dún kọ̀. Eré ò já wálẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n skríìnì ṣì ń ṣú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá ló bi mí pé, "Ihò wo ló wà lẹ́yìn káàdì yẹn?" Mo ní ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ihò wáyà skríìnì ti àtijọ́, wà níbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ pò, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ọdún 2016 ni GTX 1050 Ti jáde, NVIDIA sì ti yọ VGA kúrò lára ìran káàdì yẹn. A ṣí GPU-Z, ètò tó ń yẹ káàdì wò, ọ̀rọ̀ náà FAKE (ayédèrú) ló kọ sí iwájú orúkọ ẹ̀. CUDA core, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì, ti 1050 Ti gidi jẹ́ 768, tèmi jẹ́ 192. GF116 ni chip tó wà nínú ẹ̀, irú èyí tó wà nínú GTX 550 Ti ti ọdún 2011. Wọ́n tún BIOS ẹ̀, ètò tó wà nínú káàdì fúnra ẹ̀, kọ ni, kó lè máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Mẹ́mọ́rì 4GB tó ń pè, 1GB péré ló ní; bí géèmù bá ti béèrè ju ìyẹn lọ, skríìnì á ṣú. NVIDIA ti dáwọ́ dráífà tuntun dúró fún ìran àtijọ́ yẹn láti oṣù kẹrin ọdún 2018, nítorí náà bí ẹ bá fi dráífà tuntun ti 1050 Ti sí i, àṣírí á tú. Ìdí tí wọ́n fi ní kí n má ṣe update nìyẹn.

Mo gbé e padà lọ. Ọmọkùnrin tó mú mi lọ kì í ṣe ara wọn, ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọlọ́jà fi ìka han ìsàlẹ̀ rìsíìtì mi: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. "Kọ̀ǹpútà kan" nìkan ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, kò sí orúkọ káàdì, kò sí nọ́ńbà. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹ̀tọ́ yín lórí ọjà tó ní àbùkù. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 wà lẹ́yìn oníbàárà. Mo ti kọ̀wé ẹjọ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, mo sì tún lọ bá LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba Èkó. Nítorí pé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ wọn ni mi ò ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ fi fláàṣì gbé GPU-Z àti CPU-Z dání lọ. Ẹ má gba orúkọ tí Windows bá kọ gbọ́, ẹ̀dá lè yí i. CPU-Z, ètò tó ń yẹ prósẹ́sọ̀ wò, ara prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ti ń bèèrè. Kí GPU-Z yín jẹ́ 2.12 ti ọdún 2018 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, torí ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá ayédèrú mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ fọwọ́ mi ẹsẹ̀ fáànù, kẹ́ ẹ sì fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, lé káàdì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, níṣojú yín. Kí wọ́n kọ orúkọ káàdì àti nọ́ńbà ara ẹ̀ sórí rìsíìtì. Bí wọ́n bá ní iná ò dáa, wọn ò lè dán an wò, ẹ bọ́ síta. Alhaja kan ní òpópónà Ọ̀lá Ayẹ̀ní nínú ọjà kan náà tí mo lọ ra káàdì mìíràn lọ́wọ́ ẹ̀ gbé àga fún mi, ó ní kí n dán an wò títí ọkàn mi á fi balẹ̀, torí náà àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀.

Káàdì ayédèrú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wà nítòsí Ṣómólú, tó fẹ́ fojú rí i kó tó lọ ra tiẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e jáde fún un.