Savannah tàbí Charleston: èwo ni ká lọ lópin ọ̀sẹ̀?

Àwọn ará wa ní Atlanta a máa bi mí ní ìbéèrè yìí ṣáá. Ìlú Amẹ́ríkà ni méjèèjì: Savannah wà ní ìpínlẹ̀ Georgia, Charleston wà ní South Carolina. Bí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, Savannah: òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sábà máa ń dínwó ju ti Charleston, ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò ò sì gba kọ́bọ̀. Gbàgede 22 ló wà nígboro, igi ṣíji bò wọ́n, ẹ ó rìn láti ọ̀kan dé èkejì kó má rẹ̀ yín. Àmọ́ òkúta gbágungbàgun tí wọ́n tẹ́ sí River Street, òpópónà etí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà gogoro débẹ̀!

Charleston gbówó lórí, ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ wúwo. Ní Gadsden's Wharf, èbúté tí wọ́n ti ń já àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà sílẹ̀, ni International African American Museum, ilé àkójọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wà. Ọdún 2023 ló ṣí. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí òkun bá kún, omi a máa gba àwọn òpópónà kan.

Ẹni tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání, Savannah. Etíkun Tybee ò jìnnà. Ẹni tó ń wá ìtàn ìran wa, Charleston. Ẹni tó ní mọ́tò, nǹkan bíi wákàtí méjì ló wà láàárín wọn, Ọ̀yọ́túnjí, abúlé òrìṣà tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1970, sì wà lójú ọ̀nà, nítòsí Sheldon.