Àgbéyẹ̀wò ọjà aṣọ àti bàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọwọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo ṣí áàpù ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń lò, mo sì ka gbogbo ohun wíwọ̀ tí mo ti rà níbẹ̀ láti ọdún 5 sẹ́yìn. Aṣọ 27, bàtà 14. Mo dá aṣọ 5 padà. Mo dá bàtà 6 padà, ọ̀kan nínú wọn sì tún padà wá bá mi, ẹ máa gbọ́ tirẹ̀ níwájú. Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà tí mi ò lè dá padà rárá, torí pé mo ti gé páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́ wò. Òun ni mo fi ń nu tábìlì báyìí. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá bi mí bóyá ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ohun wíwọ̀, mi ò ní ṣe kọ́ń-ńkọ́họ: ó dára fún aṣọ, ó sì dára fún bàtà níwọ̀n ìgbà tí ìdápadà bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí kò bá sí ìdápadà, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà.

Ohun tí mi ò mọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ni ọjà kọ́ ló ń tajà. Orúkọ kan náà ni mo ń rí lókè áàpù lójoojúmọ́, mo rò pé ilé ìtajà kan ṣoṣo ni. Àṣé onílé lásán ni wọ́n, ayálégbé ló kún inú rẹ̀. Ní Amazon, ohun tó ju ìdajì ọjà tí wọ́n ń tà lọ ló ń ti ọwọ́ irú àwọn ayálégbé bẹ́ẹ̀ wá. AliExpress, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Alibaba ní Ṣáínà dá sílẹ̀ ní 2010, orí àwọn ayálégbé gan-an ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nítòsí bọ́tìnnì ìrajà, àwọn lẹ́tà kéékèèké kan máa ń wà tó ń sọ ẹni tó ń tà á àti ẹni tó máa fi í ránṣẹ́, orúkọ méjèèjì sì lè yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ báyìí kó tó lọ síbi iye owó. Mo ti rí ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan rí tí olùtajà 5 gbé àwòrán kan náà sí: ọkùnrin kan náà, ẹ̀rín kan náà, aago kan náà lọ́wọ́, iye owó márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mú èyí tó wọ́n díẹ̀, torí pé abẹ́ tirẹ̀ nìkan ni àwọn tó ti rà á fi fọ́tò tí wọ́n fúnra wọn yà sí. Mo ṣì ń wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ sáìsì ló gba àlàyé jù, torí ibẹ̀ ni owó àti àkókò mi ti ṣòfò jù. Bàtà àkọ́kọ́ tí mo rà, 42 ni mo mú, nítorí pé 42 ni mo ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti di géńdé. Ó dé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi kò ríbi nà sí. Mo ké gbàjarè sí àbúrò mi lórí fóònù, ó fi mí rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n mi, 42 ti ta ni ẹ mú?”

Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Nọ́ńbà Yúróòpù ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà lọ sókè láti ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 6.7. Ti UK ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì lọ sókè, nǹkan bíi mìlímítà 8.5. Àkàbà méjì ni wọ́n tí àlàfo igi wọn kò dọ́gba, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ibi tó wù ú láti so méjèèjì pọ̀. Ní Nike, 8 UK ti ọkùnrin ni wọ́n ń kọ 42.5 sí lára. Ní Adidas, 8 UK yẹn náà ni 42. Ẹ má tíì mú ti Amẹ́ríkà wá o, tí ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Mo ti jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Mìlímítà ni mo ń lò. Ẹ tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri náà, ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹlòmíràn wá bá yín fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí ìka tó gùn jù dé. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti sàmì náà fúnra yín, ẹsẹ̀ yóò yẹ̀, ẹ óò sì rí iye tí kì í ṣe tiyín. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ wọn méjèèjì! Tèmi rèé: ọ̀tún 262, òsì 267. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú bàtà pé ó ń ha mí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń yan sáìsì. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ní mìlímítà yìí ní orúkọ tirẹ̀ lágbàáyé, Mondopoint, ISO, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, sì ti gbà á wọlé. Lára ahọ́n ọ̀pọ̀ bàtà eré ìdárayá, ẹ máa rí i ní sẹ̀ǹtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ UK àti EU (ti Yúróòpù), pẹ̀lú àmì CM (sẹ̀ǹtímítà) tàbí JP (ti Japan). Ẹ lọ wo èyí tó wà nílé.

Fífẹ̀ ẹsẹ̀ ni áàpù kò bìkítà fún. Irin ìwọnsẹ̀ tí Charles Brannock ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920 ń wọn gígùn, ó ń wọn fífẹ̀, ó tún ń wọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Lórí fóònù mi, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n tẹ̀.

Ti aṣọ fúyẹ́ díẹ̀. M, L àti XL kì í ṣe ìwọ̀n, ìnagijẹ ni wọ́n. Mo ní M kan àti XXL kan tí mo lè tẹ́ ọ̀kan lé orí èkejì kí etí wọn bára mu. Mo wá mú ṣẹ́ẹ̀tì tó bá mi mu jù lọ, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ abíyá kan dé abẹ́ abíyá kejì: sẹ̀ǹtímítà 55. Mo wọn ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, mo wọn apá, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Síbẹ̀, mo ṣì ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kí ojú mi tó là. Àtẹ sáìsì kan ń sọ ìwọ̀n ara ẹni tó máa wọ aṣọ, òmíràn ń sọ ìwọ̀n aṣọ fúnra rẹ̀. “Àyà 104” lórí àtẹ àkọ́kọ́, àyà yín ni wọ́n ń sọ, aṣọ náà yóò ní àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àtẹ kejì, aṣọ gan-an ni 104. Bí àyà yín náà bá jẹ́ 104, ẹ óò dà bí ìrọ̀rí tí wọ́n kì bọ inú àpò tó kéré sí i. Bí olùtajà kò bá kọ èyí tó ń sọ, mo máa ń bi í. Èyí tí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 2, mo fò ó.

Àwòrán kì í sọ bí aṣọ ṣe nípọn tó. GSM ló ń sọ ọ́, ìyẹn iye gíráàmù tí mítà kan níbùú lóròó aṣọ náà wúwo. Tíṣẹ́ẹ̀tì tó bá wà ní nǹkan bí 140 fẹ́lẹ́; èyí tó bá tó 200 ṣeé gbára lé. Olùtajà tí kò kọ GSM, tí kò sọ bóyá òwú ni tàbí polyester (okùn tí wọ́n fi ike ṣe), tó wá kọ “aṣọ olówó ńlá” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbàgbé o.

Bàtà awọ náà ńkọ́? “PU leather” kì í ṣe awọ ẹran, ike ni wọ́n fi bo aṣọ. Bàtà tí wọ́n bá ń tà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní àmì fún òkè rẹ̀, fún inú rẹ̀ àti fún ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀: àwòrán awọ ẹran tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni awọ, àwòrán híhun bí àwọ̀n ni aṣọ, àwòrán dáyámọ́ǹdì ni ohun mìíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ ike tàbí rọ́bà. Mo máa ń bẹ olùtajà pé kó ya fọ́tò àmì náà fún mi. Ọ̀pọ̀ kì í yà á. Mo ti rí ìdáhùn mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàtà tó rún. Bàtà aláwọ̀ eérú ni, ó tuntun nínú páálí, ìwé fẹ́lẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó bá ẹsẹ̀ méjèèjì mu, inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ wọ̀ ọ́ káàkiri. Mo gbé e pa mọ́ de ìrìn àjò kan tó ku oṣù 2. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ jáde, kò tíì tó wákàtí kan, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí èérún funfun kan tó ń tẹ̀ lé mi bí ẹni pé mo ń fọ́n ẹfun sílẹ̀. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà mi ni. Nígbà tí mo fi máa délé, gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán.

Mo wá kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Fómù polyurethane, ìyẹn ike PU tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìtẹ̀lẹ̀ bàtà máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn yóò sì máa já a nínú díẹ̀díẹ̀, yálà wọ́n ń wọ bàtà náà tàbí wọn kò wọ̀ ọ́. Bàtà tó bá ti sùn pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù lè máa dán lójú kó sì ti kú nínú. Mo yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín: ó ti lé ní ọdún 7. Olùtajà ní ọjọ́ 30 ìdápadà ti kọjá. Òótọ́ ni, èmi ni mo gbé e pa mọ́. Àmọ́ ta ló pe bàtà ọdún 7 ní tuntun? Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá àwọn tó ni áàpù, mo fi fọ́tò oṣù àti ọdún abẹ́ ahọ́n náà tì í. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń kọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó dá sí i. Ìdajì owó ni mo rí, ó sì wọlé bí owó inú áàpù, tí mi ò lè ná síbòmíràn. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ ahọ́n ni mo kọ́kọ́ ń wò tí bàtà bá dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìdápadà gan-an ni ohun tí àwọn ilé ìtajà yìí ń tà. Aṣọ wà níbi gbogbo. Ohun tó ń mú kí ènìyàn sanwó bàtà tí kò tíì tẹ̀ ni ìlérí pé ó lè padà. Zappos, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà ní 1999, ìdápadà ọ̀fẹ́ títí di ọdún kan ló fi gba orúkọ, kí Amazon tó rà á ní 2009. Zalando tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 2008, bàtà lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láì sọ ìdí. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ohun tí wọ́n kọ sójú ewé ọjà ni òfin. Ẹ wo ẹni tó máa san owó ìfiránṣẹ́ padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn.

Tèmi báyìí, mo máa ń fi fóònù ya fídíò bí mo ṣe ń tú ẹrù. Orí ẹní ni mo ti ń wọ bàtà wò, torí ìlà kan péré lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní mo ti wọ̀ ọ́ jáde. Páálí bàtà sì jẹ́ ara bàtà. Èyí tí mo ní ó padà wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, orí páálí rẹ̀ gan-an ni mo lẹ ìwé àdírẹ́sì mọ́, dípò kí n fi páálí mìíràn bò ó. Wọ́n ní mo ti ba ọjà jẹ́. Mo jà, mo jà, wọn ò gbà. Àbúrò mi tó fi mí rẹ́rìn-ín ló ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Ẹ ṣọ́ra fún olùtajà tó bá ń bẹ̀ yín pé: “Ọ̀gá wa, ẹ má wulẹ̀ dá a padà, a máa fún yín ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín.” Bí ẹ bá kọ̀, ó di 30, ó di 50. Bí ẹ bá gbà, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ sórí WhatsApp kí ẹ jọ sọ ọ́, ẹ má lọ. Ohun tí wọ́n bá sọ níta áàpù, áàpù kò rí i.

Ní ti àwọn tó ń fún ọjà ní ìràwọ̀, mi ò ka ìràwọ̀ 5 mọ́. Mo ti rí bàtà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yìn, ìgbà tí mo kà á sísàlẹ̀, ìdérí fóònù ni wọ́n ń yìn: olùtajà ti pa ọjà àtijọ́ rẹ́, ó gbé bàtà sórí ìyìn rẹ̀. Ní 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ṣe òfin tó ka ríra àti títa ìyìn èké léèwọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dójú ẹ̀ nìyẹn. Ìràwọ̀ 3 ni mo ń kà. Ẹni tó fún ọjà ní 3 kò bínú, wọn kò sì sanwó fún un. Òun ló máa sọ fún yín pé apá rẹ̀ kúrú.

Ìràwọ̀ tèmi: aṣọ, 4. Bàtà, 3. Ìdápadà, 4 bó bá jẹ́ àwọn tó ni áàpù fúnra wọn ló fi ẹrù ránṣẹ́, 2 bó bá jẹ́ ayálégbé.

Bàtà dúdú kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. 27 CM ló wà lára ahọ́n rẹ̀, ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Òsì jókòó dáadáa, ọ̀tún ń yọ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀. Ọjọ́ 9 ló kù kí àyè ìdápadà tó pa dé. Lálẹ́ òní, mo máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mo máa tún fi rìn lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan sí i.